Ẹni Tó Bá Gba Ẹ̀yìn Wọlé

Bàdírù ò fẹ́ràn olè. Ẹ̀yin náà lè ní, ta ló fẹ́ràn olè? Ẹ dákẹ́ ná. Ìkórìíra tirẹ̀ ti kọjá ti gbogbo ayé. Ká ní ẹ rí i láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan lóṣù kẹwàá ọdún 1992, nínú ọgbà Mádáàmù Eucharia ní Àpápá, tó gbá ìgbálẹ̀ mú lọ́wọ́ ọ̀tún, tó ń lu kòkòrò bọ́ sílẹ̀ lára òdòdó, tó sì ń fi gìgísẹ̀ tẹ̀ wọ́n fọ́ níkọ̀ọ̀kan, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti kòkòrò nìkan.

"Olè!" Pàá! "Ọmọ olè!" Pàá! "Èyí tó ń sá lọ yẹn ńkọ́? Padà wá síbí, ọmọ àlè!" Pàá!

Oyin dúdú ni kòkòrò náà. Kì í ṣe oyin kéékèèké tí à ń lá oyin rẹ̀ o. Èyí tóbi tó orí àtàǹpàkò, ó dúdú bí kóró iṣin, ariwo rẹ̀ dà bí ti alùpùpù tí sàléńsà rẹ̀ ti já, inú igi ló sì ń lu ihò sí láti fi ṣelé. Igi àjà ilé àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìnkùlé Mádáàmù ti di ajere lọ́wọ́ wọn. Ọdún keje rèé tí Bàdírù ti ń tọ́jú ọgbà yẹn. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, oko ni wọ́n bí i sí, kò sì sí ewéko tí kò lè mú hù. Ìbínú rẹ̀ nìkan ni kò lè tọ́jú.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí oyin dúdú ṣẹ̀ rèé. Mádáàmù gbin ìtàkùn òdòdó pupa kan sára fẹ́ǹsì iwájú, òdòdó tó fẹ́ràn bí ẹni fẹ́ràn ọmọ. Òdòdó náà gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí fèrè, ọ̀fun rẹ̀ há, omi dídùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹyẹ kékeré kan tó ń dán yinrin, tí ẹnu rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀, òun ni Ọlọ́run dá òdòdó yẹn fún. Ẹyẹ á ti ẹnu bọ iwájú òdòdó, á mu omi rẹ̀, ìyẹ̀fun òdòdó á lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, á gbé e lọ fún òdòdó kejì, kálukú á sì jèrè. Oyin dúdú ńkọ́? Ó sanra, kò lè gba ọ̀fun yẹn wọlé. Kí ló wá ń ṣe? Á yípo lọ sẹ́yìn òdòdó, á fi eyín la ìdí rẹ̀, á fa omi dídùn mu, á bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyẹ̀fun kankan ò kàn án. Bó bá sì lọ tán, èèrà àti oyin kéékèèké á tò sẹ́nu ihò tó lu sílẹ̀, wọ́n á máa lá èyí tó kù, títí òdòdó á fi rọ tí á já bọ́ láìtọ́jọ́.

"Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn wọlé, olè ni," Bàdírù máa ń wí. Òfin rẹ̀ nìyẹn. Kì í sì í ṣe inú ọgbà ló ti kọ́ ọ.

Ajégúnlẹ̀ ló ti kọ́ ọ, ní ọ̀nà ẹ̀yìn Malu Road tó ń gbé. Ọdún mẹ́ta ṣáájú, àwọn olè gba fèrèsé ẹ̀yìn wọ yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, nígbà tó wà níbi iṣẹ́. Wọ́n bá Morìnsọ́lá ìyàwó rẹ̀ nílé, wọ́n sì fi irin lù ú lórí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi jẹ̀rora kó tó kú, kò sì dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́ títí tó fi lọ. Ó wo Bàdírù lójú, ó bi í pé, "Ta ni yín?" Ó wo Zulfah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ó bi òun náà. Ẹ̀yin ẹ máa rò ó. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í kúrò létí èèyàn.

Wọ́n ṣàdúà ogójì ọjọ́ tán, Bàdírù kó ọkùnrin méjìlá jọ, wọ́n di ẹ̀ṣọ́ àdúgbò. Òun ni olórí. Monday, ọkùnrin gíga kan tó ń ru ẹrù ní wáàfù, ni igbákejì rẹ̀. Òfin méjì péré ni Bàdírù fi lé wọn lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá gba ẹ̀yìn wọlé, olè ni. Èkejì, ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ fún olè, olè lòun náà. Gbogbo àdúgbò pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹni tẹ́rù bá sì ń bà, òfin kúkúrú ló ń fẹ́.

Zulfah ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún báyìí, ó ń ránṣọ nínú yàrá wọn. Ó ní àfẹ́sọ́nà, Onyeka lorúkọ rẹ̀. Mẹkáníìkì ni, ọkọ̀ àjàgbé ló ń tún ṣe ní yáàdì kan ní Creek Road. Ìbò ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni mumi. Lóṣù kẹjọ, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó gba iwájú ilé wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun fẹ́ fi Zulfah ṣaya.

"Ta lo fẹ́ fi ṣaya?" Bàdírù dìde. "Kèfèrí? Nínú ilé tèmi? Zulfah, gbé àdá mi wá!"

Zulfah ò gbé àdá kankan wá. Bàdírù fúnra rẹ̀ lọ gbé e. Ó na ẹnu àdá sí kókósẹ̀ ọmọkùnrin náà. "Bí mo bá tún rí ẹsẹ̀ yìí lẹ́nu ọ̀nà mi, màá gé e. O gbọ́?"

Onyeka dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀. "Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ má bínú." Ó lọ. Kò gba iwájú ilé yẹn wá mọ́ láé. Ọ̀dọ́ méjì tó fẹ́ràn ara wọn, ẹ wá ti ilẹ̀kùn iwájú mọ́ wọn, kí lẹ rò pé wọ́n máa ṣe? Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ àfi Bàdírù, kò sì sí ẹni tó ní ìgboyà láti sọ fún un.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Àpápá ná. Ìtàkùn mìíràn tún wà nínú ọgbà yẹn, ìtàkùn eléso, ìdí méjì, lórí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì. Jọ́ọ̀s ni Mádáàmù ti mú irúgbìn rẹ̀ wá, páṣọ̀n ni wọ́n ń pè é. Èso rẹ̀ rí róbótó, awọ rẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú, inú rẹ̀ kan díẹ̀ ó sì ń ta sánsán. Lọ́dún tó kọjá ó so débi pé irin fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Lọ́dún yìí, kò so ẹyọ kan. Ọ̀sán ni òdòdó rẹ̀ máa ń là, á là rẹrẹẹrẹ, tó bá di ọjọ́ kejì á ti wà nílẹ̀.

"Bàbá Zulfah," Mádáàmù ti bi í, "kí ló ṣe páṣọ̀n mi? Àbí ẹ ti fi nǹkan sí i?"

"Háà, Mà! Kí ni màá fi sí i? Mo ti da ìgbẹ́ adìẹ sí i, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Oyin kéékèèké náà ń bẹ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn ọmọ dáadáa wọ̀nyẹn, iwájú ni wọ́n ń gbà wọlé."

Òótọ́ ni, iwájú ni wọ́n ń gbà. Bàdírù máa ń yìn wọ́n bí ẹni ń yin ọmọléèwé. Láti oṣù keje tó ti ń fi ìgbálẹ̀ pa oyin dúdú, oyin kéékèèké ló gba gbogbo ọgbà.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Oyin dúdú kan tó yè bọ́ bà lé òdòdó páṣọ̀n kan. Bàdírù gbé ìgbálẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n kò lè lù ú, nítorí bó bá lù ú, òdòdó Mádáàmù ló máa fọ́. Kòkòrò náà fò lọ sí èkejì, ó fò lọ sí ẹ̀kẹta, ó sì sá lọ. Bàdírù wá ṣe ohun tí ẹ̀ṣọ́ ń ṣe. Ó mọ̀ pé ibi tí olè bá ti jẹun ló ń padà sí, ó mú òwú pupa, ó so ó mọ́ ìdí òdòdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó lè mọ ibi tó máa lúgọ sí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mò ń sọ yìí, nígbà tó pa tòwúrọ̀ tán, tó sì gbá òkú wọn kúrò níwájú, ó kí ìrun Àìlá, ó wá lọ sídìí páṣọ̀n láti lúgọ de olè. Ó wo òwú àkọ́kọ́. Èso wà níbẹ̀, ó tóbi tó ẹyin àdàbà. Ó wo èkejì. Èso. Ó wo ẹ̀kẹta. Èso! Ó wá gbogbo ìtàkùn náà láti òkè délẹ̀, kò rí òmíràn. Mẹ́ta péré, àwọn mẹ́ta tí olè fẹsẹ̀ bà.

"Lá ìláhà ilá-Lláhù," ó wí. Ó dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan dé, ó jókòó lé e.

Ó wá wo òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là lọ́jọ́ náà dáadáa, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méje. Òdòdó páṣọ̀n ò gùn bí fèrè. Ó fẹjú bí àwo ọbẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Omi dídùn wà nínú àwo nísàlẹ̀, ìyẹ̀fun àti orí abo, ibi tí ìyẹ̀fun gbọ́dọ̀ kàn kí òdòdó tó lè so, sì wà lókè, wọ́n na ọwọ́ bo àwo náà bí agbòjò. Oyin kékeré kan bà lé e níṣojú rẹ̀. Ó gba iwájú wọlé lóòótọ́, ó kó ìyẹ̀fun sẹ́sẹ̀, ó mu omi, ó lọ. Ó kéré jù, ara rẹ̀ ò kan orí abo rárá. Ó kó gbogbo ẹrù, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Òmíràn wá, ó ṣe bákan náà. Àwọn ọmọ dáadáa!

Kò pẹ́, ó gbọ́ hùùù. Oyin dúdú kan dé, bóyá òun ló kù nínú gbogbo ìran rẹ̀. Ó wọ inú àwo náà lọ, ó ń yí po bó ti ń mu, ẹ̀yìn rẹ̀ tó ga ń gbo ìyẹ̀fun lókè, ó sì ń gbo orí abo, títí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ fi di pípọ́n rúsúrúsú. Ó fò lọ sí òdòdó ìdí kejì, ó gbo tibẹ̀ náà. Bàdírù ò mira. Kòkòrò náà wá fò kọjá lórí rẹ̀ lọ sídìí fẹ́ǹsì iwájú, sára òdòdó pupa olọ́fun tóóró. Ó kọ́kọ́ gbá orí mọ́ iwájú òdòdó lẹ́ẹ̀mejì, kò rọ́nà wọlé. Ó yípo lọ sẹ́yìn, ó la ìdí rẹ̀.

"Kòkòrò kan náà!" Bàdírù pariwo bí ẹni pé ẹnìkan wà níbẹ̀. "Kòkòrò kan náà ni!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ẹ má jẹ́ n purọ́ fún yín, ó dùn ún gan-an. Òdòdó tó ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò yìí, ó sọ ọ́ dọlọ́mọ. Òdòdó tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó fọ́ ọ níbàdí. Ó sì ti pa wọ́n, ó ti pa wọ́n láti oṣù keje, ó ń bú wọn lólè bó ti ń tẹ̀ wọ́n. Ó sọ fún Mádáàmù pé orí ń fọ́ òun. Mádáàmù ní kó máa lọ sílé kó sinmi.

Ẹ̀yin á ní, ó ti kẹ́kọ̀ọ́, ó parí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Ọgbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ orí kò tíì dé ẹnu, ìbínú ọdún mẹ́ta sì ti wà lẹ́nu tipẹ́. Bàdírù gba ẹ̀yìn gọ́tà lọ sílé nítorí pé ibẹ̀ yá jù. Bó ti yọ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ kan lórí fẹ́ǹsì, ó rí ìkejì. Ọkùnrin kan ń gun fẹ́ǹsì wọ ẹ̀yìnkùlé òun, fèrèsé tí wọ́n gbà pa Morìnsọ́lá ló sì dojú kọ. Irin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin náà gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó yíjú. Onyeka ni.

Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Oòrùn wà lẹ́yìn Bàdírù, ó rí ojú ọmọkùnrin náà kedere, títí dé ibi tí òógùn ti ń ṣàn létí rẹ̀. Onyeka la ẹnu láti kí i. Bàdírù mọ̀ ọ́n, ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ohun tó wá ṣe. Ìtìjú wọ̀ ọ́, ìbínú gbé e, wọ́n ń gba ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ láti ẹ̀yìn! Ó sì pariwo.

"Olèèè! Olè rèé o! Ẹ gbà mí o!"

Ẹyin lohùn. Kò tíì gbẹ́nu dé tí ilẹ̀kùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Monday ló kọ́kọ́ dé, ọ̀pá irin ẹ̀ṣọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa Onyeka lẹ́sẹ̀ bọ́ láti orí fẹ́ǹsì, orí ọmọ náà gbá ilẹ̀ kọ̀ọ̀. Irin ọwọ́ rẹ̀ yí lọ sínú gọ́tà.

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀!" Onyeka ń pariwo. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀! Bàbá mọ̀ mí!"

"Which Baba know you? Na Baba shout!" Monday fi irin náà na apá rẹ̀, gbogbo èèyàn gbọ́ bí egungun ti dá.

Wọ́n wọ́ ọ jáde sí ọ̀nà. Ẹni kan ju búlọ́ọ̀kù lù ú lẹ́yìn. Ẹni kan fi pákó tí ìṣó wà lórí rẹ̀ gbá a lójú, ẹ̀jẹ̀ sì tú jáde lójú òsì rẹ̀. Onyeka ké bí ẹran tí ọ̀bẹ ò mú. Bàdírù dúró, ó ń wò. Ẹ gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi jẹ awẹ́ obì kan. Lẹ́yìn náà ló rí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyàwó ilé, ọmọ iléèwé, ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì, wọ́n tò wá láti fi ẹsẹ̀ gbá ohun tí ẹlòmíràn ti fọ́ sílẹ̀. Ó ti rí irú ìtò bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yẹn lẹ́nu ihò òdòdó pupa. Inú dídùn náà sì tán.

Zulfah sáré jáde, kò sí gèlè lórí rẹ̀, kò sì wọ bàtà. "Onyeka ni! Ẹ̀yin èèyàn, Onyeka ni! Wíìlì ẹ̀rọ ìránṣọ mi tó kán ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ jó o pọ̀ wá fún mi! Bàbá mi, ẹ sọ fún wọn!" Ẹnìkan tì í lulẹ̀. Ó dìde, wọ́n tún tì í. "Bàbá mi!"

Lazarus, fọganáísà ẹnu ọ̀nà, ti ń yí táyà bọ̀. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí Lazarus máa yí táyà wá. Ìgbà kẹta nìyí láàárín ọdún mẹ́ta. Wọ́n ti sun èèyàn méjì ní oríta àdúgbò, Bàdírù fọwọ́ ara rẹ̀ ṣá iná sí èkejì, kò sì tíì jí lóru rí nítorí rẹ̀. Lazarus gbé táyà náà kọ́ Onyeka lọ́rùn, ó sì ń da pẹtiróòlù sí i láti inú ike.

"Ẹ dúró!" Bàdírù wí. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. "Mo ní kẹ́ ẹ dúró! Ẹ fi í sílẹ̀!"

 Ó fi ìgbọ̀nwọ́ la èrò, ó di ọwọ́ Monday mú. Monday bojú wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Bàbá, òfin yín ni o. Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ fún olè ńkọ́?"

"Olè lòun náà!" àwọn èrò dáhùn. Ẹnu Bàdírù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n sì há a sórí dáadáa. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Bàdírù jọ̀wọ́ Monday. Ó ṣubú lé ọmọkùnrin náà lórí, ó fi àyà bo orí rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún bo táyà. Irin tí Monday ti gbé sókè kò lè dúró lójú ọ̀nà mọ́, ó balẹ̀ sórí ọwọ́ náà. Ìka mẹ́rin fọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bàdírù bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ẹsẹ̀ ẹnìkan gbá a níhà, búlọ́ọ̀kù kan bà á léjìká, pẹtiróòlù ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, ó sì ń gbọ́ bí Onyeka ti ń mí lábẹ́ òun, mímí tó ní omi nínú. Lazarus ti yọ ìṣáná.

"Ọkọ ọmọ mi ni!" Bàdírù ké. "Ẹ gbọ́! Ọkọ Zulfah ni! Àna mi ni! Bẹ́ ẹ bá máa sun ún, ẹ sun èmi náà mọ́ ọn!"

 Lazarus dúró, ìṣáná wà lọ́wọ́ kan, páálí rẹ̀ wà lọ́wọ́ kejì.

"But Baba, na you shout," Monday wí.  "Ẹ̀yin lẹ pè wá."

"Ojú ló tàn mí. Oòrùn ló wà lójú mi, mi ò mọ̀ pé òun ni. Monday, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

Lazarus wo Monday. Monday wo ilẹ̀. Lazarus ju ìṣáná sínú gọ́tà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì yọ táyà kúrò lọ́rùn ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn èrò tú ká kíákíá. Ẹni tó ju búlọ́ọ̀kù, a ò rí i mọ́. Ẹni tó gbé pákó, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ wá bi wọ́n lónìí, gbogbo wọn á ní àwọn ò sí nílé lọ́jọ́ náà.

Ọkọ̀ àjàgbé kan láti yáàdì Onyeka ló gbé àwọn méjèèjì lọ sí ọsibítù. Onyeka yè. Apá rẹ̀ kán síbi méjì, eyín mẹ́rin lọ, ojú òsì rẹ̀ sì fọ́ pátápátá. Dókítà ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i. Wọ́n di ọwọ́ Bàdírù mọ́ pákó, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó má lè fi di àdá mú mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàdírù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọkùnrin náà. Zulfah wà láàárín àwọn méjèèjì, ó di ọwọ́ òsì bàbá rẹ̀ tó kù mú, kò fi í sílẹ̀ láti àárọ̀. Monday àti Lazarus ti wá, wọ́n gbé ọsàn wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Onyeka, wọ́n sunkún. Wọ́n ń yin Bàdírù, wọ́n ní bàbá bí irú rẹ̀ ò sí mọ́ láyé, ẹni tó fi ara rẹ̀ bo àna rẹ̀. Wọ́n ti lọ báyìí.

"Bàbá mi," Zulfah wí, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Ẹ dákun, ẹ dárí jì mí pé mò ń jẹ́ kó gba ẹ̀yìn wá."

Onyeka yí orí díẹ̀díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wú, ọ̀rọ̀ ń jáde níkọ̀ọ̀kan. "Bàbá. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Zulfah ti sọ fún mi. Oòrùn ló wà lójú yín, ẹ ò mọ̀ pé èmi ni. Mi ò bínú."

Ọ̀rọ̀ náà dùn bí oyin. Bàdírù lè gbé e mì. Ta ló máa já a? Òun nìkan ló mọ ohun tó rí. Ọmọ rẹ̀ ń wò ó bí kò ti wò ó rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ láyé wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ níbẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó di í mú.  Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Irọ́ ni," ó wí.

"Kí ni irọ́, Bàbá?"

"Oòrùn. Ẹ̀yìn mi loòrùn wà." Kò wo Zulfah. Ojú kan tó kù fún ọmọkùnrin náà ló ń wò. "Mo rí ojú rẹ kí n tó lanu. Mo rí i kedere. Mo mọ̀ pé ìwọ ni, mo mọ̀ pé o ò jí nǹkan kan, mo sì pariwo olè. Mo fẹ́ kí wọ́n pa ọ́. Mo yí ọkàn padà nígbà tó ti pẹ́."

  Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó wo omi inú ìgò tó so rọ̀, ó jáde. Nígbà tí Onyeka máa sọ̀rọ̀, kò gbóhùn sókè rárá.

"Àwọn méjì yẹn ńkọ́?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn tẹ́ ẹ sun ní oríta. Ẹ̀yin náà lẹ pariwo lé wọn lórí. Ṣé olè ni wọ́n?"

Bàdírù la ẹnu. Ó ń wá ojú wọn nínú ọpọlọ rẹ̀, kò rí i. Ti àkọ́kọ́, ẹnìkan ló ní òun rí i tó ń jáde lẹ́yìn ilé. Ti èkejì, ẹ̀yìn ọkùnrin náà nìkan ló rí lórí fẹ́ǹsì kó tó pariwo. Kò bi í ní orúkọ. Kò bi í ní ohunkóhun.

"Mi ò mọ̀," ó wí.

Zulfah fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.